Àwo Tí A Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ìlú wa ń pariwo pé àwọn ni wọ́n kọ ìwé òfin ìpínlẹ̀ yìí, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ má bá wọn jiyàn. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé wa ni púpọ̀ nínú wọn jẹ tí wọ́n fi rí okun kọ ọ́, èmi Dorcas Tuttle ni mo sì ń yí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná fún wọn. Nítorí náà, bí mo bá sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́ ju àwọn lọ.

Ọdún 1846 ni. Ilẹ̀ wa tí ó wà lẹ́bàá odò ńlá fẹ́ di ìpínlẹ̀, àwọn tí ó wà ní Washington sì ní àfi kí a kọ ìwé òfin tiwa kí àwọn tó gbà wá. Ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan bá yan aṣojú, gbogbo wọn sì kóra jọ sí Pecan Ferry, ìlú wa, ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ẹrẹ̀ ojú títì ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ilé ẹjọ́ tuntun tí wọ́n ti ń ṣe àpérò náà kò tíì gbẹ. Òórùn pákó tútù àti tábà ni ó kún inú rẹ̀. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, oníwàásù wà níbẹ̀, lọ́yà sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀dọ̀ Keziah Pruitt, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí èmi àti ọkọ mi ń bá gbé, ni mẹ́fà nínú wọn wọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé Keziah, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Amos ọkọ rẹ̀ ti kú kí bàbá Keziah tó fi ilẹ̀ tí ilé náà wà sílẹ̀ fún un. Òun nìkan ni ó fọ aṣọ àwọn atukọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, tí ó fi ra pákó, tí ó fi gbé ilé náà dúró, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn. Opó ni, kò lọ́kọ, nítorí náà tirẹ̀ ni ilé náà. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gbé wá láti ìlà-oòrùn ni pé ọjọ́ tí obìnrin bá ti sọ "mo gbà" níwájú àlùfáà, ohun gbogbo tí ó ní ti di ti ọkọ: ilé, ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, títí dé abẹ́rẹ́ tí ó fi ń ránṣọ. Ọkọ lè tà á láìbi í.

Èmi mọ òfin yìí dáadáa. Horace Tuttle, ọkọ mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò gbá mi létí rí, kò sì mutí yó rí àfi lọ́jọ́ òmìnira. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹṣin bí ọmọdé ti fẹ́ràn oyin. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, ìyá mi fún mi ní abo màlúù kan tí iwájú orí rẹ̀ funfun, Clover ni a ń pè é. Mo lọ síbi ìsìnkú àbúrò bàbá mi, kí n tó padà dé, Horace ti fi Clover ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin pupa kan tí ó ní yóò máa gba ipò kìíní nínú eré ìje. Ojú kan ṣoṣo ni ẹṣin náà ní. Ó ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá ibi tí ojú rẹ̀ wà nìkan ni ó máa ń sáré sí, tí yóò fi yí po padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún nítorí Clover ju bí mo ti sunkún nítorí òkú tí a sin lọ. Mo tọ adájọ́ lọ. Ó ní, "Màlúù ta ni?" Mo ní tèmi ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Rárá o, màdáàmù, ti ọkọ yín ni." Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, ẹ̀rín músẹ́ yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Ẹ ó wá rí i pé nígbà tí Ephraim Yarrow bẹ̀rẹ̀ sí í wá Keziah wá, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ephraim ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù ní ìlú kan lókè odò. Ó tóbi, ó níwà tútù, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ débi pé kí ó tó parí gbólóhùn kan, kọfí yóò ti tutù. Bí ó bá ti wá, kò ní jókòó lásán. Á tún àtẹ̀gùn ṣe, á pọ́n ọ̀bẹ, á kan ẹsẹ̀ àga tí ó ń mì. Keziah fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Mo wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ tí ó dẹnu kọ ọ́.

"Keziah," ó ní, "jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Mo fẹ́ràn ẹ, Ephraim," ni Keziah dáhùn, "ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹ."

"Torí ilé yìí ni? Mi ò fẹ́ ilé ẹ o. Ìwọ ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀. Àmọ́ àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìwọ kọ́ ni àgbàrá, òfin ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó jẹ́ tèmi, tèmi ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o wá bi mí."

Ephraim dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé, ó ronú, ó sì dìde fún ìbò aṣojú. Wọ́n dìbò fún un. Mo ti rí ọkùnrin tí ó fi òdòdó wá ìyàwó, mo ti rí èyí tí ó fi orin wá a. Òun ni mo kọ́kọ́ rí tí ó fi ìwé òfin wá a.

Kò pẹ́ tí àpérò bẹ̀rẹ̀ tí ó fi mú kí wọ́n gbé abala kan kalẹ̀ fún ìwé náà. Ó kúrú, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo há a sórí: ohun ìní tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ, àti èyí tí ó bá ní lẹ́yìn náà, tirẹ̀ ni, ọkọ kò gbọdọ̀ tà á láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tí ó dojú ìjà kọ ọ́ ni Lọ́yà Lucius Crane. Ilé wa kan náà ni ó wọ̀ sí, òun ni ó sì máa ń jẹun jù nínú gbogbo wọn. Bí ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan tán, á fi búrẹ́dì àgbàdo ńlá kan dí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà jáde. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ń gbé ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá.

Ó ní àṣà kan nílé wa, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa. A máa ń dojú àwo délẹ̀ sórí tábìlì títí a ó fi gbàdúrà. Bí a bá ti ṣe àmín, Keziah á yí tábìlì po, á ṣí àwo ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì bu oúnjẹ sí i. Àwo tí a kò bá ṣí, olúwa rẹ̀ kò jẹun nìyẹn.

Àwọn ọkùnrin àpérò náà ní àṣà tiwọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìbò lórí iye tí gómìnà yóò máa gbà, ẹnì kan tí ó pàdánù sì dìde pé kí wọ́n tún un dì. Alága, Adájọ́ Pomeroy, fi òòlù gbá tábìlì, ó ní ẹni tó pàdánù kò lè sọ bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó borí nìkan ni ìlànà fún láyè láti ní kí a tún ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, ọjọ́ kejì kò sì gbọdọ̀ kọjá. Mo bi ara mi pé ta ni yóò borí tí yóò tún ní kí a padà sẹ́yìn? Mo kà á mọ́ ìwà wèrè tí àwọn ọkùnrin ń hù bí wọ́n bá ti pọ̀ nínú ilé kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí abala tiwa, èmi àti Keziah lọ jókòó sí òkè, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, a mú aṣọ tí a ń hun lọ́wọ́. Crane dìde. Ó ti ìka méjì bọ àpò.

"Alága," ó ní, "ọkọ̀ ojú omi kan kì í ní atukọ̀ méjì! Ẹ fún ìyàwó ní ilé tirẹ̀, ẹ fún un ní ilẹ̀ tirẹ̀, lọ́la yóò ní kí ọkọ máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Kí ni obìnrin rere fẹ́ fi ohun ìní ṣe? Ọkọ rẹ̀ ni ohun ìní rẹ̀!"

"Tèmi fi màlúù mi gba ohun ìní olójú kan!" ni mo pariwo láti òkè.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Alága ní kí màdáàmù tó wà lókè yẹn jọ̀ọ́ kó fi òwú rẹ̀ dí ara rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà náà ni àpọ́n arúgbó kan, Obadiah Stroud, dìde, ó ní òun fara mọ́ abala náà, nítorí bàbá tó bá mọ̀ pé àna òun kò ní lè jẹ ilẹ̀ òun run yóò fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní púpọ̀. "Ìwọ ńkọ́, Bàbá Stroud, ìgbà wo lo máa gbéyàwó?" ni ẹnì kan bi í. "Ìgbà tí ẹ bá pa ẹnu mọ́ kí ìyàwó lè gbọ́ mi," ó dáhùn, ó sì jókòó.

Ìbò ló kàn. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti orí A, olúkúlùkù ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ephraim ni ó máa ń gbẹ̀yìn nígbà gbogbo, nítorí Y ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọgbọ̀n ènìyàn ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, méjìlélọ́gbọ̀n ti sọ rárá. Méjì nínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ephraim ti sọdá odò lọ sílé, kò sì sí wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Keziah dìde, ó di igi ìfọwọ́lé iwájú wa mú, nítorí ó fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni kan yẹn, kódà bí kò tilẹ̀ ní wúlò.

"Ọ̀gbẹ́ni Yarrow?"

"Rárá," ni Ephraim wí.

Ọkùnrin tí ó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni fa kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀, èyí já lẹ́nu rẹ̀ kíá. Crane fò dìde, ó gbá a léjìká. "Ọkùnrin mẹ́ta!" ó ní. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́n!" Òwú Keziah bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sí abẹ́ àga, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Inú bí mi débi pé etí mi gbóná.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, elégédé àti ápù sísè. Gbogbo wọn jókòó, àwọn aṣojú mẹ́fà àti Horace tèmi tí kì í jìnnà sí oúnjẹ. Oníwàásù tó wà lára wọn gbàdúrà, a ṣe àmín. Keziah yí tábìlì po, ó ń ṣí àwo, ó ń bu oúnjẹ. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ephraim, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ẹni pé àga òfìfo ni.

Crane rí i, inú rẹ̀ sì dùn. "Ìyá onílé," ó ní, "ó dà bíi pé ẹ gbàgbé ẹnì kan."

"Mi ò gbàgbé, sà," ni Keziah dáhùn. "Ọ̀gbẹ́ni Yarrow ti sọ pé rárá. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ápù fi há Horace lọ́fun. Ephraim wo àwo tí ó dojú délẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo Crane, ó wo àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn Crane.

"Keziah," ó ní, "bí mo bá lè rí ẹ níta fún ìṣẹ́jú kan..."

"Òtútù wà níta," ni Keziah wí, ó sì wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ephraim tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná. Mo ti ń retí rẹ̀, ṣíbí onígi wà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé bó o ṣe rí nìyí?" ni mo bi í. "Láti ọdún méjì ni mo ti ń fi ibi tó dùn jù lára ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ ẹ, èrè ẹ̀ nìyí? Ajá gan-an máa ń mọ ẹni tó fún un légungun!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá sókè lọ́la."

"Kó wá ṣe kí ni? Kó wá gbọ́ rárá kejì?"

"Kó ṣáà wá, mà. Torí pé..." Ibi tí ó dé nìyẹn tí Crane fi yọjú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù, ó ń wá kọfí sí i. Ephraim gbé ọ̀rọ̀ yòókù mì. Ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ ìsọdá ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, mo ní kó lọ bi odò. Ó mú fìlà rẹ̀.

Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò nínú òjò, láìjẹ nǹkan kan. Ó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

"Ó ti sá," ni Horace wí láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. "Ọkùnrin tó bá ń rìn nínú òjò láìjẹun, ìtìjú ló ń lé e."

"Tàbí ẹṣin," ni mo dá a lóhùn.

Nígbà tí Keziah jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun, omijé sì ń kán sínú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ilé yìí nìkan ni mo ní. Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò gbé e fún un." Ó nu ojú, ó fi ìyẹ̀fun kun imú. "Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ẹ rí irú òmùgọ̀ báyìí?" Mo gbá a mọ́ra. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ronú, ohun kan kò yé mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá lọ kì í bẹ̀ yín kí ẹ wá wo òun lọ́la. Mo wí fún ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Keziah kọ̀, ó ní òun kò lọ síbì kankan.

"Jẹ́ ká lọ," ni mo wí. "Bí ó bá máa dójú ti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ṣé kò yẹ kójú wa ó wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé e dìde. Ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, fìlà olókùn rẹ̀ tí ó dára jù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣọ̀fọ̀.

Àga Ephraim ṣófo. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwé, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí olú-ìlú yóò wà, olúkúlùkù sì fẹ́ kí ó wà lẹ́yìnkùlé òun. Kò sí Ephraim. Sátidé ni, ojú ọjọ́ sì burú. Crane dìde, ó ní kí wọ́n tètè túká kí àwọn tí ilé wọn jìnnà lè rí ọ̀nà lọ. Alága gbé òòlù sókè. Keziah ti ń di okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí gbàgà. Ephraim wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sì tẹ̀lé e. Ọ̀kan ni Peter Lund, àgbẹ̀ ará Norway, tí háríhá àgbàdo ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Èkejì ni Gideon Marsh, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Àwọn méjì tí wọ́n sọdá odò nìyẹn.

"Alága," ni Ephraim wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Lánàá... mo dìbò... pẹ̀lú àwọn tó borí."

"A mọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Yarrow," ni alága wí.

"Ìlànà wa sì ní... ẹni tó bá wà lára àwọn tó borí... ló lè ní ká tún ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò." Ó nu òjò kúrò lójú. "Lórí ohun ìní àwọn obìnrin. Mo ní ká tún un yẹ̀ wò."

Ẹnu Crane ṣí sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì sí ọ̀rọ̀ tàbí búrẹ́dì nínú rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé, ó fi igbe ta.

"Alága! Ẹ̀tàn ni! Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló ń gbé abala yẹn kiri látọjọ́ tó ti dé!"

"Akọ̀wé," ni alága wí, "kí ni Ọ̀gbẹ́ni Yarrow sọ lánàá?"

"Rárá ló sọ, sà."

"Crane náà ló gbá a léjìká!" ni Bàbá Stroud ké láti ẹ̀yìn. Ilé bú sẹ́rìn-ín, òòlù alága kò sì lè pa á.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Nígbà tí Ephraim rí i pé bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ kò lè gba abala náà là, ó fi rárá ra ẹ̀tọ́ láti tún un gbé dìde. Kò sì lè sọ ọ́ lórí tábìlì wa, níwájú Crane. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, Crane kì í sì í ṣe arọ. Ká ní ó gbọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ì bá ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde lójú ẹsẹ̀ nígbà tí àwọn méjì yẹn ṣì wà ní òdìkejì odò, ì bá sì pa á pátápátá, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fàyè gba irú rẹ̀.

Keziah di apá mi mú. "Àǹtí! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Mo ti rí i. Fi apá mi sílẹ̀, kì í ṣe apá mi lo máa fẹ́."

Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a tún un yẹ̀ wò pọ̀, àwọn mìíràn nítorí abala náà, àwọn mìíràn nítorí wọ́n fẹ́ wo bí ojú Crane yóò ti rí. Akọ̀wé tún bẹ̀rẹ̀ láti orí A. Nígbà tí ó pe Lund, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, háríhá kan sì já bọ́ láti irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ó pe Marsh, ọkùnrin náà fò dìde. "Bẹ́ẹ̀ ni!" ó ké. "Ọmọbìnrin ni ìyàwó mi bí!" Àwọn tí ó kù kò yí padà. Bí akọ̀wé ti dé ìsàlẹ̀ ìwé orúkọ, méjìlélọ́gbọ̀n ni bẹ́ẹ̀ ni, méjìlélọ́gbọ̀n ni rárá.

"Ọ̀gbẹ́ni Yarrow?"

Ephraim gbé ojú sókè sí ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin tí rárá já lẹ́nu rẹ̀ kíá lánàá, ó wá ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń retí. Ó pẹ́ débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ fa ahọ́n rẹ̀ jáde.

"Bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nígbà tí a délé, àwo wà lórí tábìlì, gbogbo wọn dojú délẹ̀. Oníwàásù ti di ojú, ó ti ń sọ pé "Bàbá wa," nígbà tí Keziah lọ síbi àwo Ephraim, ó ṣí i, ó sì bu ẹran lé e títí ọbẹ̀ fi ń ṣàn sórí aṣọ tábìlì.

"Arábìnrin, a ò tíì gbàdúrà," ni oníwàásù wí.

"Tèmi ti gbà," ni Keziah dáhùn.

Lẹ́yìn àmín, ó ṣí ti àwọn yòókù. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Crane, ó fi ọwọ́ lé àwo náà, kò ṣí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Crane, ilé ta ni èyí?"

Crane wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òórùn ẹran ń lọ ní imú rẹ̀. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òun náà. "Ilé yín ni, màdáàmù," ó ní. "Tiyín nìkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí àwo mi."

Ephraim tún bi í léèrè lọ́jọ́ náà, Keziah sì ní kó ní sùúrù kí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ dìbò gba ìwé òfin náà. Wọ́n dìbò gbà á nígbà ìrúwé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Àwọn méjèèjì fún mi ní ọmọ màlúù kan, abo, tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Ẹ mọ orúkọ tí mo sọ ọ́.

Nígbà tí Clover kejì yìí dàgbà, olówò ẹṣin kan gba iwájú ilé wa kọjá. Mo wà nínú ilé, mò ń fọ korobá, mo sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ẹṣin tí ó fà lọ́wọ́ dára, mi ò ní purọ́. Dúdú ni, ó ń dán, ojú rẹ̀ sì pé méjì. Horace yí i po. Ó fọwọ́ pa á lọ́rùn. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ fún mi ní màlúù yẹn," ni ọkùnrin náà wí, "kẹ́ ẹ máa mú ẹṣin lọ."

Horace tún wo ẹṣin náà, ó wo Clover, ó sì fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ bi ìyàwó mi," ó ní. "Òun ló ni màlúù."

Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà. Láti ogún ọdún ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ fún ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn, tí ó ní adájọ́ nínú, tí ó sì ní ẹṣin olójú kan nínú. Gbogbo rẹ̀ lọ lórí mi. Omi ni ó gba ojú mi.

"Rárá," ni mo wí.

Olówò náà gbé fìlà fún mi, ó fa ẹṣin rẹ̀ lọ. Horace wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gba korobá lọ́wọ́ mi, ó ní, "Dorcas, ṣé kí n lọ bu omi fún màlúù ẹ?"